Ǹjẹ́ Sáyẹ́ǹsì Ti Fi Hàn Pé Kò Sí Ọlọ́hun?

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tó dá sánmà àti ilẹ̀, tó sì fún ọmọ ènìyàn ní làákàyè tó fi ń wo iṣẹ́ Rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ Àlùkìyámà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin,

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń gbọ́ ní yunifásítì, lórí rédíò àti lórí fóònù tó wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ náà ni pé ayé ti là, sáyẹ́ǹsì ti tú àṣírí gbogbo nǹkan, nítorí náà ẹni tó bá ṣì ń forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́hun, ojú rẹ̀ ni kò tíì là. Àwọn kan nínú yín gbọ́ ọ, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ lára. Wọ́n ṣì ń tò sí sàfù pẹ̀lú wa, ṣùgbọ́n ọkàn wọn ń ṣe iyèméjì, wọn kò sì rí ẹni tí wọ́n lè bi tí kò ní pariwo lé wọn lórí. Nítorí tiwọn ni mo ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Àwọn tó ń polongo ọ̀rọ̀ náà

Kí á tó dá ènìyàn lóhùn, ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tó sọ. Ẹ má sì ṣe rò pé òyìnbó nìkan ló ń sọ ọ́. Nílẹ̀ Yorùbá níbí, Táí Ṣólàárín, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tí wọ́n bí ní 1922, sọ ọ́ ní gbangba títí ó fi kú ní 1994. Olùkọ́ ni, ó sì tún jẹ́ gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé nínú ìwé ìròyìn. Ní January 1956 ó dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, kò sì fi ìsìn kankan sínú ètò ilé ẹ̀kọ́ náà. Iṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ oko àti ìwé ló kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé àwa ènìyàn dúdú ń ti ohun tó yẹ kí á fi ọwọ́ ara wa ṣe sọ́rùn Ọlọ́hun.

Ní ìlú London, ní January 2009, àwọn bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé ìkéde kan kiri. Ìkéde náà sọ fún àwọn èrò pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sí Ọlọ́hun, nítorí náà kí wọ́n yé dààmú, kí wọ́n máa gbádùn ayé wọn. Obìnrin òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Ariane Sherine ló mú ìmọ̀ràn náà wá, àwọn ènìyàn sì dá owó sí i. Lára àwọn tó ṣe alátìlẹ́yìn rẹ̀ ni Richard Dawkins, onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí tí wọ́n bí ní Nairobi ní 1941. Láti 1995 títí di 2008, iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Oxford ni láti máa la sáyẹ́ǹsì yé àwọn ará ìlú. Ní 2006 ó gbé ìwé The God Delusion jáde, ìwé náà sì tà jákèjádò ayé.

Ẹ kíyè sí ohun kan. Àwọn tó kọ ìkéde ara bọ́ọ̀sì yẹn kò kọ ọ́ pé ó dájú pé kò sí Ọlọ́hun. "Ó ṣeé ṣe" ni wọ́n fi sí i. Dawkins fúnra rẹ̀, nínú ìwé rẹ̀ ti 2006, to ìgbàgbọ́ àti àìgbàgbọ́ ènìyàn sí ipò méje, ipò keje sì ni ti ẹni tó dá lójú pátápátá pé kò sí Ọlọ́hun. Ipò kẹfà ló fi ara rẹ̀ sí. Nítorí náà, ẹni tó bá dúró ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ yín tó ní sáyẹ́ǹsì ti parí ẹjọ́ yìí, ohun tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò sọ ló ń sọ.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú àpò kan

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ láàmú ni pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí dì sínú àpò kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí á tú u, kí á yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

(1) Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àwa ẹlẹ́sìn. Níbi tí ẹ̀sùn náà bá ti jẹ́ òótọ́, kí á gbà á. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí kò kàwé, tó wá lọ gba hàńtú tó fi bọ́jú lọ́jọ́ ìdánwò, Ṣólàárín ló jàre rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ànábì wa (s.a.w.) ti bá wa wí lórí èyí ṣáájú Ṣólàárín. Nínú hádíìsì tí Tirmidhī gbà wá, ọkùnrin kan bi í léèrè bóyá kí òun so ràkúnmí òun kí òun sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun, àbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun sì gbẹ́kẹ̀ lé E. Ànábì ní kó so ó ná, kó tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun. Ọ̀lẹ tó ń fi àdúà bojú kì í ṣe ẹlẹ́rìí Ìsìláàmù, a kò sì gbọdọ̀ gbèjà rẹ̀.

(2) Ohun tí sáyẹ́ǹsì ti wádìí. Èyí náà, níbi tí ẹ̀rí bá ti fìdí múlẹ̀, kí á gbà á. Kò sí ohun tó yẹ kó bà wá lẹ́rù níbẹ̀. Ibn al-Haytham, tí wọ́n bí ní Basra ní nǹkan bí 965, kọ ìwé ńlá lórí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọ inú ojú, ó sì ń fi ìdánwò wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Al-Khwārizmī ní Baghdad kọ ìwé ìṣirò tó jẹ́ pé láti inú àkọlé rẹ̀ ni àwọn òyìnbó ti mú orúkọ algebra tí ẹ ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Èyí kò túmọ̀ sí pé ìṣirò ló fi ẹ̀rí hàn pé Ìsìláàmù jẹ́ òdodo. Ohun tó fi hàn ni pé ènìyàn lè forí kanlẹ̀ ní àárọ̀, kó sì wádìí ayé ní ọ̀sán, kí ìkan má ba ìkejì jẹ́.

(3) Ìparí ọ̀rọ̀ pé nítorí náà kò sí Ọlọ́hun. Ibí yìí ni àṣìṣe wà. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ọmọ kan gba aṣọ òfì tí wọ́n hun ní Ìṣẹ́yìn. Ó jókòó, ó fara balẹ̀ tú u ní òwú kọ̀ọ̀kan. Ó mọ iye òwú tó wà ní òró àti ní ìbú, ó mọ ìdí tí àwọ̀ kan fi yọ síta tí òmíràn fi sá sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ní: "Mo ti tú gbogbo aṣọ yìí tán, n kò bá ahunṣọ kankan nínú rẹ̀." Òótọ́ ló sọ o! Kò lè bá ahunṣọ nínú aṣọ. Ṣùgbọ́n tó bá fi ìyẹn sọ pé kò sí ẹni tó hun ún, ó ti kọjá ohun tí òwú ọwọ́ rẹ̀ sọ fún un. Mímọ bí nǹkan ṣe rí kò pa ìbéèrè nípa ẹni tó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ nípa ìyípadà ẹ̀dá

Ẹni tó bá mọ̀wé nínú wọn kò ní dákẹ́ síbẹ̀. Ní 1986 Dawkins kọ odidi ìwé kan láti fèsì irú àpèjúwe tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìí. Ohun tó sọ ni pé aṣọ kì í bímọ, ṣùgbọ́n ohun ẹlẹ́mìí ń bímọ, ọmọ kì í sì í jọ òbí rẹ̀ tán. Èyí tó bá bá ibùgbé rẹ̀ mu ló ń yè láti bí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ohun kékeré ṣe ń di ohun àràmàǹdà díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún, láìsí ẹni tó jókòó tì í.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ẹ̀rí púpọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ pé ẹ̀dá ń yí padà. Ẹ ṣáà mọ chloroquine tí àwọn òbí wa ń lò fún ibà. Kòkòrò ibà yí padà tó bẹ́ẹ̀ tí òògùn náà kò fi ràn án mọ́, tí ìjọba Nàìjíríà sì fi òògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀ nínú ètò ìtọ́jú ibà ní 2005. Àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí kò fẹnu kò lórí ibi tí àlàyé yìí lè dé, ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀dá Ànábì Ádámọ̀ sì jẹ́ ohun tí ìmáànì wa dì mú. Ṣùgbọ́n ibi yòówù kí àlàyé náà dé, ó ní láti bá nǹkan nílẹ̀ kó tó lè bẹ̀rẹ̀. Ó ní láti bá ohun tó lè bímọ, ó ní láti bá òfin tó dúró ṣinṣin, ó ní láti bá ayé tí òfin náà ti ń ṣiṣẹ́. Ta ló fi wọ́n síbẹ̀? Kí ló dé tí nǹkan fi wà rárá? Kùránì Alápọ̀nlé ti bi àwọn aláìgbàgbọ́ ní irú ìbéèrè yìí nínú Sūratu Tūr, āyah 35: ṣé láti inú òfo ni wọ́n ti jáde ni, àbí àwọn fúnra wọn ló dá ara wọn?

Wọn a máa fèsì pé: "Ta ló wá dá Ọlọ́hun yín?" Ẹ má jẹ́ kí ìbéèrè yìí mú òógùn bò yín. A kò sọ pé gbogbo ohun tó wà ló ní ẹlẹ́dàá. Ohun tí a sọ ni pé gbogbo ohun tó ní ìbẹ̀rẹ̀ ló ní ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo ọkọ̀ ojú irin. Wágúnù ẹ̀yìn ń lọ nítorí pé ti iwájú rẹ̀ ń fà á, ti iwájú náà ń lọ nítorí pé òmíràn ń fà á. Tó bá jẹ́ pé wágúnù tí wọ́n ń fà ni gbogbo rẹ̀, kódà kó gùn dé ibi tí ojú kò ká, kò sí ìkankan tó máa kúrò ní ibùdó. Ẹ́ńjìnnì kan gbọ́dọ̀ wà tí ohun mìíràn kò fà. Ẹni tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ yìí ni à ń pè ní Ọlọ́hun nínú ẹ̀kọ́ Tawhīd.

Ohun kan tún kù. Ṣólàárín jà fún tálákà, àwọn ológun sì fi í sẹ́wọ̀n ní 1984. Iṣẹ́ rere ni kí ènìyàn jà fún aláìní, a kò sì gbọdọ̀ purọ́ pé aláìgbàgbọ́ kò lè hùwà rere. Ṣùgbọ́n kò sí òṣùwọ̀n kan nínú yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì tí a fi lè wọn ẹ̀tọ́ tálákà. Dawkins náà kìlọ̀ nínú ìwé rẹ̀ The Selfish Gene, tó jáde ní 1976, pé òun kò sọ pé inú ìyípadà ẹ̀dá ni kí á ti lọ mú ìlànà ìwà rere. Níbo ni kí á ti wá mú un? Ẹ mú ìbéèrè yìí dání lọ bá wọn, kí ẹ sì bi wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ọjọ́ tí oòrùn ṣókùnkùn ní Madīnah

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, tí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo ti kọ sókè, ẹ má gbàgbé èyí.

Ní ọdún kẹwàá Hijrah, ìyẹn 632, Ibrāhīm ọmọ Ànábì wa (s.a.w.), tí Māriyah bí fún un, kú ní Madīnah. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Lọ́jọ́ náà gan-an ni oòrùn ṣókùnkùn lọ́sàn-án. Àwọn ènìyàn ìlú bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé ikú ọmọ Ànábì ló fà á.

Ẹ rò ó wò! Bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ọmọ ni, ìlú sì ti fẹ́ gbà pé sánmà ń bá a ṣọ̀fọ̀. Kò sí iṣẹ́ ìyanu tó rọrùn jù báyìí lọ. Kò tilẹ̀ nílò láti purọ́. Tó bá dákẹ́ lásán, wọ́n ti gbà á tán. Ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Ó dìde, ó kírun, ó sì sọ fún wọn pé àmì méjì ni oòrùn àti òṣùpá jẹ́ nínú àwọn àmì Ọlọ́hun, wọn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú ẹnikẹ́ni tàbí nítorí ìṣẹ̀mí ẹnikẹ́ni. Bukhārī àti Muslim ló gba hádíìsì yìí wá.

Ànábì wa kọ ẹ̀rí èké sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ẹ̀rí náà gbè. Ẹni tó ń tan ènìyàn jẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Imām Ghazālī, tó kú ní 1111, gba ojú ọ̀nà yìí kan náà nínú ìwé rẹ̀ Tahāfut al-Falāsifah. Ó ṣàlàyé pé àwọn onímọ̀ ìṣirò mọ bí òṣùpá ṣe ń bọ́ sí àárín oòrùn àti ilẹ̀ ayé, ẹ̀rí wọn lórí rẹ̀ kò sì ní iyèméjì. Ó ní ẹni tó bá rò pé òun ń ran ẹ̀sìn lọ́wọ́ nípa títako irú èyí, ẹ̀sìn gan-an ló ń pa lára.

Ẹ wá wo tiwa. Ní January 2001, nígbà tí òṣùpá ṣókùnkùn lóru, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Maiduguri kọlu àwọn ilé ìtura àti ilé ọtí pé ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń dá níbẹ̀ ló fà á. Àwọn onímọ̀ sì ti mọ ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ tipẹ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe mọ ti 29 March 2006 tí òṣùpá bo oòrùn lójú wa ní Nàìjíríà, Benin àti Togo. Ohun tí Ànábì ti dáhùn ní Madīnah ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan àti ọ̀ọ́dúnrún ọdún ṣáájú, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n tún fi ń tako ó.

Irọ́ kò lè gbe òdodo

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á yẹ ilé ara wa wò. Láti nǹkan bí 1980 ni ìtàn kan ti ń lọ kiri pé Neil Armstrong, ẹni tó kọ́kọ́ tẹ orí òṣùpá ní 1969, gbọ́ ìrun pípè níbẹ̀, tó sì di Mùsùlùmí. Àwọn oníwáásí sọ ọ́, ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ ọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1983 ìjọba Amẹ́ríkà kọ̀wé sí àwọn ọ́fíìsì aṣojú rẹ̀ ní ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí láti sọ pé Armstrong kò di Mùsùlùmí. Ọmọ tó bá ṣe físíìsì mọ̀ pé kò sí afẹ́fẹ́ lórí òṣùpá tí ohùn lè bá rìn. Wọ́n tún ní Jacques Cousteau, ará Faransé tó ń wádìí inú òkun, gba Ìsìláàmù nítorí āyah tó sọ̀rọ̀ nípa omi òkun méjì. Nígbà tó kú ní 1997, ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame ní Paris ni wọ́n ti ṣe ìsìn òkú rẹ̀.

Ẹ wo ewu tó wà níbẹ̀. Arábìnrin kan gbọ́ ìtàn Armstrong ní ilé kéwú, ó fi í ṣe òpó tó gbé ìmáànì rẹ̀ ró. Ó dé yunifásítì, ó wádìí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ó rí i pé irọ́ ni. Ìbéèrè tó máa bi ara rẹ̀ ni pé: tí wọ́n bá lè purọ́ fún mi lórí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní 2012, kí ni mo fẹ́ gbà gbọ́ lẹ́nu wọn nípa ẹni tó ti kú láti 632? Dawkins kọ́ ló mú ẹni bẹ́ẹ̀ jáde kúrò nínú ẹ̀sìn. Àwa la ti fi irọ́ ṣílẹ̀kùn fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí á ṣọ́ra láti so Kùránì mọ́ gbogbo àlàyé tuntun tí sáyẹ́ǹsì bá gbé jáde. Georges Lemaître, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì ará Bẹ́ljíọ̀mù, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣàlàyé, ní 1927, pé ayé tó yí wa ká ń gbòòrò sí i. Nígbà tí Póòpù sọ̀rọ̀ ní 1951 bí ẹni pé ìmọ̀ yìí ti di ẹ̀rí ìṣẹ̀dá, inú Lemaître kò dùn sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé onígbàgbọ́ ni. Ó mọ̀ pé àlàyé sáyẹ́ǹsì lè yí padà lọ́la. Ẹni tó bá so ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun mọ́ ohun tó lè yí padà, kí ni yóò sọ lọ́jọ́ tó bá yí?

Bí a ó ṣe ṣe sí ẹni tó ń ṣiyèméjì

Àwọn sàábé kan wá bá Ànábì (s.a.w.), wọ́n ní àwọn ń bá àwọn èrò kan pàdé nínú ọkàn àwọn tó wúwo jù fún ẹnu láti sọ. Kò lé wọn. Nínú hádíìsì tí Muslim gbà wá, ó sọ fún wọn pé ìmáànì tó hàn gbangba ni ìyẹn, nítorí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo lójú wọn. Nítorí náà:

(a) Ẹni tó bá bèèrè, ẹ má pè é ní kèfèrí. Ẹ fetí sí i tán kí ẹ tó dáhùn.

(b) Ohun tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì lọ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n.

(d) Ẹ má sọ ìtàn ìyanu kankan tí ẹ kò wádìí, bó ti wù kó dùn tó.

(e) Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ kọ́ ọ dójú àmì. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé kéwú, ẹ má bẹ̀rù ìwé wọn.

(ẹ) Ìwọ tí ọkàn rẹ ń ṣiyèméjì, má fi ìrun sílẹ̀ nígbà tí o ń wá èsì. Ẹni tó ń wá ọ̀nà kì í pa àtùpà ọwọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní àsàlátù

1. Èwo nínú ẹ̀sùn Táí Ṣólàárín ló bá àwa Mùsùlùmí agbègbè wa wí, kí sì ni a lè ṣe sí i ní oṣù yìí?

2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀ àti ẹni tó dá a? Fi iṣẹ́ ọwọ́ kan ní ìlú rẹ ṣe àpèjúwe.

3. Ìtàn wo ni a ń sọ níbi wáásí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì wádìí rí?

Kí Ọlọ́hun fi òdodo hàn wá ní òdodo, kó sì fún wa ní agbára láti tẹ̀lé e. Kó fi irọ́ hàn wá ní irọ́, kó sì fún wa ní agbára láti jìnnà sí i, kódà nígbà tó bá gbè wá. Kó fi ọkàn àwọn tó ń ṣiyèméjì nínú wa balẹ̀. Āmīn.